Kí Ni Plánẹ́ẹ̀tì? Àríyànjiyàn Àwọn Onímọ̀ Ìràwọ̀ lórí Ipò Pluto

Plánẹ́ẹ̀tì ni orúkọ tí a ń pe àwọn ohun ńlá tó ń yí oòrùn po, tí ilé ayé wa jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Láti ọdún 1930 títí di ọdún 2006, mẹ́sàn-án ni àwọn ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ń kà: Mercury, Venus, Ayé, Mars, Jupiter, Saturn, Uranus, Neptune àti Pluto. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 2006, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ tó pé jọ sí ìlú Prague, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Czech, dìbò, wọ́n sì yọ Pluto kúrò nínú iye náà. Ó wá ku mẹ́jọ. Ohunkóhun kò yí padà lára Pluto fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ náà; ọ̀rọ̀ tí a fi ń pè é ló yí padà. Awuyewuye tó tẹ̀lé ìpinnu yìí kò sì tíì parí.

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ohun tí ìhà kọ̀ọ̀kan ń sọ, àti ibi tó ti kan ẹni tó ń kọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá. Kókó tí a ó fi hàn ni pé ìhà méjèèjì kò jiyàn lórí bí Pluto ṣe tóbi tó tàbí lórí bó ṣe ń rìn. Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ni ìbéèrè tó yẹ kí orúkọ dáhùn: ṣé irú ohun tí nǹkan jẹ́ nínú ara rẹ̀ ni, àbí ipò tó wà láàárín àwọn tó yí i ká?

Orísun ọ̀rọ̀ náà

Èdè Gíríìkì àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Alárìnkiri ni ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó ń wo sánmà láyé ìgbà náà ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìràwọ̀ kì í kúrò ní ipò tí wọ́n wà sí ara wọn, ṣùgbọ́n pé àwọn ìmọ́lẹ̀ kan wà tó ń ṣí kiri láàárín àwọn yòókù bí òru ti ń gorí òru. Méje ni wọ́n kà: oòrùn, òṣùpá, Mercury, Venus, Mars, Jupiter àti Saturn. Oòrùn àti òṣùpá wà nínú iye yìí, ilé ayé kò sì sí níbẹ̀. Ìdí ni pé ìrìn tí ojú rí lókè ni wọ́n fi pín nǹkan sọ́tọ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé kò rìn lójú tiwọn.

Ní ọdún 1543, Nicolaus Copernicus gbé ìwé rẹ̀ jáde, ó ní oòrùn ló wà láàárín, àti pé ilé ayé pẹ̀lú àwọn yòókù ló ń yí i po. Nígbà tí èrò yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà yí padà láti orí ohun tó ń ṣí kiri lójú sánmà sí orí ohun tó ń yí oòrùn po. Oòrùn jáde nínú agbo, ilé ayé sì wọlé. Ní ọdún 1610, Galileo Galilei fi awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn rí ohun mẹ́rin tó ń yí Jupiter po. Òṣùpá Jupiter ni a ń pè wọ́n lónìí, ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn Galileo, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló ń pe irú wọn ní plánẹ́ẹ̀tì onípò kejì. Ó hàn gbangba pé kì í ṣe ọdún 2006 ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ pààrọ̀ ìtumọ̀, kì í sì í ṣe Pluto ni ohun àkọ́kọ́ tó pàdánù orúkọ náà.

Ceres: ẹlẹ́rìí tí ìhà méjèèjì ń pè

Ní ọdún 1781, William Herschel rí Uranus láti ilé rẹ̀ ní ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni plánẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí a fi awò ṣàwárí. Ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1801, Giuseppe Piazzi rí Ceres ní ìlú Palermo ní erékùṣù Sicily. Àlàfo tó wà láàárín Mars àti Jupiter ni Ceres wà, plánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì pè é. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí Pallas ní ọdún 1802, Juno ní 1804, àti Vesta ní 1807, gbogbo wọn ní àdúgbò kan náà. Àwọn náà gba orúkọ plánẹ́ẹ̀tì.

Herschel kò fara mọ́ èyí. Ní ọdún 1802 ó dábàá pé kí a pè wọ́n ní ásítẹ́rọ́ọ̀dì, ìyẹn ohun tó jọ ìràwọ̀, nítorí pé wọn kì í ju ojú-ìmọ́lẹ̀ kékeré lọ nínú awò. Láti ọdún 1845 ni àwárí tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, iye wọn sì ń lọ sókè lọ́dọọdún. Ṣáájú òpin ọ̀rúndún náà, wọ́n ti ń to àwọn wọ̀nyí sí ọ̀tọ̀, wọ́n sì ti fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Kò sí ìpàdé kankan tí wọ́n ti dìbò lé e lórí. Lílò ló yí padà díẹ̀díẹ̀.

Àwọn tó gbè lẹ́yìn ìpinnu Prague máa ń sọ pé ìtàn Ceres ni ìtàn Pluto: a rí ohun kan, a pè é ní plánẹ́ẹ̀tì, a wá rí i pé ọ̀kan lára ọ̀pọ̀ ni, a sì tún orúkọ rẹ̀ ṣe. Àwọn alátakò kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2019, Philip Metzger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àtúpalẹ̀ àwọn ìwé ìwádìí àtijọ́, wọ́n sì sọ pé àwọn onímọ̀ ṣì ń pe ásítẹ́rọ́ọ̀dì ní plánẹ́ẹ̀tì títí di àwọn ọdún 1950. Lójú tiwọn, kì í ṣe pípọ̀ tí wọ́n pọ̀ ló lé wọn jáde. Ìmọ̀ tuntun nípa bí wọ́n ṣe dá àti irú ohun tí wọ́n jẹ́ ló ṣe é. Ẹlẹ́rìí kan náà ni, ẹ̀rí méjì ni ó ń jẹ́.

Bí Pluto ṣe wọlé, àti bí ipò rẹ̀ ṣe mì

Clyde Tombaugh, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti oko ní ìpínlẹ̀ Kansas wá, ló rí Pluto ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1930, ní ibùdó ìwòràwọ̀ Lowell ní ìlú Flagstaff ní Arizona. Plánẹ́ẹ̀tì ńlá kan tí Percival Lowell gbà pé ó wà lẹ́yìn Neptune ni wọ́n ń wá. Venetia Burney, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mọ́kànlá kan ní ìlú Oxford, ló dábàá orúkọ tí wọ́n sọ ọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n rò pé ìwúwo Pluto lè tó ti ilé ayé. Bí ìwọ̀n ti ń dára sí i ni ó ń kéré sí i. Ní ọdún 1978, James Christy ṣàwárí Charon, òṣùpá Pluto, èyí sì jẹ́ kí a lè ṣírò ìwúwo Pluto dáadáa: nǹkan bí ìdá kan nínú 500 ti ilé ayé. A mọ̀ lónìí pé kìlómítà 2,377 ni Pluto láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, nígbà tí òṣùpá tiwa jẹ́ 3,474. Ọdún 248 ló fi ń yí oòrùn po lẹ́ẹ̀kan. Ipa-ọ̀nà rẹ̀ sì dagun ní ìwọ̀n nǹkan bí dígírì 17 sí ti ilé ayé. Ó tún gùn gbọọrọ tó bẹ́ẹ̀ tí Pluto fi súnmọ́ oòrùn ju Neptune lọ láàárín ọdún 1979 sí 1999.

Gbogbo èyí ṣàjèjì, ṣùgbọ́n kò tíì tó láti yọ ọ́. Ohun tó mì ipò rẹ̀ gan-an ni àwọn aládùúgbò. Ní ọdún 1992, David Jewitt àti Jane Luu rí ohun kékeré kan lẹ́yìn Neptune láti orí òkè Mauna Kea ní Hawaii. Lẹ́yìn náà ni a rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú rẹ̀ ní agbègbè tí a ń pè ní Kuiper, a sì rí i pé inú agbo wọn ni Pluto ń gbé. Nígbà tí gbọ̀ngàn ìṣàfihàn tuntun ṣí ní Hayden Planetarium ní ìlú New York ní ọdún 2000, wọn kò to Pluto mọ́ àwọn plánẹ́ẹ̀tì yòókù. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà ìbínú, tó fi mọ́ ti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ni Neil deGrasse Tyson, olùdarí ibẹ̀, gbà lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní oṣù Keje ọdún 2005, Mike Brown, Chad Trujillo àti David Rabinowitz kéde ohun tí a wá ń pè ní Eris. Ó jìnnà ju Pluto lọ, ìtóbi wọn súnmọ́ ara wọn, ó sì wúwo ju Pluto lọ ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan. Kò wá sí ibi tí a lè sá sí mọ́. Bí Pluto bá jẹ́ plánẹ́ẹ̀tì, Eris gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ. Bí Eris kò bá jẹ́ ẹ, kí ni Pluto ń ṣe nínú iye náà?

Ìpàdé Prague, oṣù Kẹjọ ọdún 2006

Àjọ Àwọn Onímọ̀ Ìràwọ̀ Lágbàáyé, IAU, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1919, ló láṣẹ lórí orúkọ àwọn ohun ojú sánmà. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje tí Owen Gingerich ti Yunifásítì Harvard ṣe alága fún gbé àbá kan wá: ohunkóhun tó bá ń yí ìràwọ̀ po, tí agbára ìfàmọ́ra rẹ̀ ti sọ ọ́ di rogodo, tí kì í ṣe ìràwọ̀ tàbí òṣùpá ohun mìíràn, plánẹ́ẹ̀tì ni. Lábẹ́ àbá yìí, plánẹ́ẹ̀tì ìbá di méjìlá: mẹ́sàn-án àtijọ́, pẹ̀lú Ceres, Charon àti Eris.

Àtakò bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan, tí Julio Fernández àti Gonzalo Tancredi láti orílẹ̀-èdè Uruguay wà lára wọn, ní ìrísí nìkan kò tó. A gbọ́dọ̀ wo ohun tí nǹkan náà ṣe sí àyíká rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, àbá àkọ́kọ́ ti wó lulẹ̀, òmíràn sì ti rọ́pò rẹ̀. Oríkì tí wọ́n fọwọ́ sí, ní ìlò oríkì gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ tó fi ààlà sí nǹkan, ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Èkínní, kí ohun náà máa yí oòrùn po. Èkejì, kí ìwúwo rẹ̀ tó débi tí agbára ìfàmọ́ra rẹ̀ yóò fi borí líle ara rẹ̀, tí yóò sì sọ ọ́ di rogodo tàbí ohun tó súnmọ́ rogodo. Ẹ̀kẹta, kí ó ti gbá àyíká ipa-ọ̀nà rẹ̀ mọ́.

Pluto yege nínú méjì àkọ́kọ́, ó kùnà nínú ẹ̀kẹta. Wọ́n wá dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ fún un àti irú rẹ̀, èyí tí orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ sí plánẹ́ẹ̀tì aràrá. Márùn-ún ni àjọ náà ti fọwọ́ sí nínú ẹgbẹ́ yìí: Ceres, Pluto, Eris, Haumea àti Makemake.

Ìdìbò mìíràn tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan náà kò gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ṣe pàtàkì jù fún akẹ́kọ̀ọ́ èdè. Àbá kan wà pé kí a fi ọ̀rọ̀ kan kún orúkọ àwọn mẹ́jọ, kí gbogbo wọn àti àwọn aràrá lè jọ wà lábẹ́ orúkọ plánẹ́ẹ̀tì. Jocelyn Bell Burnell mú agbòòrùn wá sórí pèpéle láti fi ṣàlàyé rẹ̀: plánẹ́ẹ̀tì ni agbòòrùn náà, àwọn ẹgbẹ́ tó kù sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìpàdé kọ àbá yìí. Nítorí náà, gẹ́gẹ́ bí ìpinnu Prague, plánẹ́ẹ̀tì aràrá kì í ṣe plánẹ́ẹ̀tì.

Àlàyé àwọn tó gbè lẹ́yìn ìpinnu náà

Àwọn olùgbèjà ìpinnu yìí ń wo bí ìdílé oòrùn ṣe dá. Nígbà tí àwọn plánẹ́ẹ̀tì ń dàgbà, àwọn ńlá gbé àwọn kéékèèké tó wà lójú ọ̀nà wọn mì, tàbí kí wọ́n jù wọ́n nù. Mẹ́jọ péré ló parí iṣẹ́ yìí. Àwọn yòókù jẹ́ ohun tó ṣẹ́kù: wọ́n ń rìn nínú agbo, kò sì sí èyí tó jẹ́ olórí nínú wọn.

Steven Soter fi ìṣirò ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn ní ọdún 2006. Ó fi ìwúwo ohun kọ̀ọ̀kan wé àpapọ̀ ìwúwo gbogbo ohun yòókù tó jọ ń lo ipa-ọ̀nà rẹ̀. Ilé ayé wúwo ju àwọn alájọlò ipa-ọ̀nà rẹ̀ lọ ní ìlọ́po tó tó mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 700. Mars, tó kéré jù nínú ìṣirò náà láàárín àwọn mẹ́jọ, jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 5,100. Ceres jẹ́ 0.33 péré, Pluto kò sì tó 0.1. Kò sí ohun kankan láàárín 5,100 àti 0.33. Àlàfo yìí ni wọ́n ń tọ́ka sí: kì í ṣe ènìyàn ló fa ààlà náà, wọ́n ní ó ti wà níbẹ̀.

Àlàyé àwọn alátakò

Alan Stern, tó ṣe olórí iṣẹ́ ọkọ̀ ìwádìí New Horizons, ló jẹ́ ògbóǹtarìgì láàárín àwọn alátakò. Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ ni pé gbólóhùn "gbá àyíká mọ́" kò ní òṣùwọ̀n nínú ìpinnu náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ásítẹ́rọ́ọ̀dì ló ń bá Jupiter rìn lójú ọ̀nà kan náà. Àwọn kan ń gba ojú ọ̀nà ilé ayé náà kọjá. Bí a bá fẹ́ mú un ní bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ta ni yóò yege? Àwọn olùgbèjà dáhùn pé jíjẹ́ olórí àdúgbò ni ó túmọ̀ sí, kì í ṣe pé kí àdúgbò ṣófo. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ kọ́ nìyẹn.

Ẹ̀sùn kejì jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ohun kan bá ti jìnnà sí oòrùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni àyè tó ní láti gbá mọ́ ń fẹ̀ sí i, tí ìrìn rẹ̀ sì ń falẹ̀. Ohun tó jẹ́ plánẹ́ẹ̀tì nítòsí oòrùn lè má jẹ́ ẹ mọ́ bí a bá gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkúta kan kò dín lára rẹ̀. Lójú onímọ̀ tó ń ṣe ìwádìí òkè, àfonífojì àti afẹ́fẹ́, èyí kò bójú mu. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2015, New Horizons kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pluto, ó sì fi àwòrán ránṣẹ́: àwọn òkè tó jẹ́ yìnyín omi, tí àwọn kan ga tó mítà 3,500; pápá ńlá tó kún fún yìnyín náítírójìn tó ń rọra ṣàn; àti afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ìkùukùu aláwọ̀ búlúù wà nínú rẹ̀. Ohun tí onímọ̀ ilẹ̀ ń retí láti rí lórí plánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wọn.

Kirby Runyon, Stern àti àwọn mìíràn dábàá oríkì tiwọn ní ọdún 2017: ohun tí kò tóbi tó ìràwọ̀, tí iná inú ìràwọ̀ kò tíì jó nínú rẹ̀ rí, tí agbára ìfàmọ́ra rẹ̀ sì ti sọ ọ́ di rogodo, plánẹ́ẹ̀tì ni, ibi yòówù kí ó máa gbé. Lábẹ́ oríkì yìí, plánẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ìdílé oòrùn lé ní ọgọ́rùn-ún. Òṣùpá tiwa wà nínú wọn. Titan, òṣùpá Saturn, tó tóbi ju Mercury lọ tí òjò mẹ́tánẹ́ẹ̀nì sì ń rọ̀ sórí rẹ̀, wà nínú wọn pẹ̀lú.

Ẹni tó mọ àṣà ìsọmọlórúkọ Yorùbá yóò tètè mọ irú ìjà tí èyí jẹ́. Orúkọ àmútọ̀runwá ń tọ́ka sí àmì tó wà lára ọmọ tàbí ọ̀nà tó gbà wáyé: Dàda ni ẹni tó bá dirun wáyé, Ìgè ni ẹni tó bá fẹsẹ̀ jáde. Kò sí ibi tí a gbé e lọ tí Dàda kò ní jẹ́ Dàda. Orúkọ àbísọ ń wo ilé: ìdílé ọdẹ ń sọ ọmọ ní Ọdẹ́túndé, ìdílé onílù ń sọ tirẹ̀ ní Àyánwálé. Bí a bá mú orúkọ Àyánwálé kúrò nínú ilé onílù, kò ní ìtumọ̀ mọ́. Stern àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ kí plánẹ́ẹ̀tì jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá. Ìpinnu Prague sọ ọ́ di àbísọ. Irú orúkọ méjèèjì ló wúlò, ọmọ kan sì lè jẹ́ méjèèjì. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Stern fúnra rẹ̀ àti Harold Levison ti ṣe ìṣirò tó jọ ti Soter ní ọdún 2000, wọ́n sì pín àwọn ohun wọ̀nyí sí ẹgbẹ́ ńlá àti ẹgbẹ́ kékeré. Ṣùgbọ́n plánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n pe ẹgbẹ́ méjèèjì.

Ta ló láṣẹ láti dìbò?

Ẹjọ́ mìíràn wà lórí ìdìbò fúnra rẹ̀. Èyí tó lé ní 2,000 onímọ̀ ló lọ sí ìpàdé Prague, ẹgbẹ́ náà sì ní ọmọ ẹgbẹ́ tó tó 9,000 nígbà náà. Iye àwọn olùdìbò tí a sábà ń tọ́ka sí ni 424. Ọjọ́ ìkẹyìn ni ìdìbò wáyé, nígbà tí ọ̀pọ̀ ti padà sílé. Àwọn alátakò tún ní òtítọ́ sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ohun tí à ń nawọ́ sókè fún.

Ó yẹ kí a gbé gbólóhùn yìí yẹ̀ wò. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, àwọn orílẹ̀-èdè dìbò ní Versailles láti fún kìlógíráàmù ní oríkì tuntun, kò sì sí ẹni tó ní kò bá sáyẹ́ǹsì mu. Ìdí ni pé òṣùwọ̀n jẹ́ àdéhùn. Bí ọjà kò bá fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀, kò sí bí a ṣe lè tà kí a sì rà. Ìbéèrè gidi nígbà náà ni pé: ṣé bí òṣùwọ̀n ni ọ̀rọ̀ náà plánẹ́ẹ̀tì rí, tí a lè fohùn ṣọ̀kan lé lórí nínú ìpàdé, àbí irinṣẹ́ ìwádìí ni, tí àwọn tó ń lò ó yóò máa pọ́n bí iṣẹ́ bá ti rí? IAU nílò àkọ́kọ́, nítorí pé òfin tí ó fi ń sọ àwọn ohun tuntun lórúkọ yàtọ̀ láti ẹgbẹ́ kan sí òmíràn. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ nílò èkejì.

Àwọn olóṣèlú pàápàá dá sí i. Ilé aṣòfin New Mexico, níbi tí Tombaugh gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, bu ọlá plánẹ́ẹ̀tì fún Pluto ní ọdún 2007. Àwọn aṣòfin àgbà Illinois, níbi tí wọ́n ti bí i, ṣe bákan náà ní ọdún 2009. Ní ọdún 2024, Arizona fi òfin sọ Pluto di plánẹ́ẹ̀tì ìpínlẹ̀ wọn. Àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè náà kíyè sí i: ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi orúkọ Pluto ṣẹ̀dá, tó túmọ̀ sí pé kí a rẹ ẹnìkan sílẹ̀ nípò, ni Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ẹ̀ka-Èdè Amẹ́ríkà yàn gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ọdún 2006.

Àwọn plánẹ́ẹ̀tì tó ń yí ìràwọ̀ mìíràn po

Àléébù kan wà tí ìhà méjèèjì gbà. Oríkì ọdún 2006 dárúkọ oòrùn wa nìkan. Ní ọdún 1995, Michel Mayor àti Didier Queloz ti kéde plánẹ́ẹ̀tì tó ń yí ìràwọ̀ 51 Pegasi po, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 2019. Irú wọn tí a mọ̀ lónìí ti lé ní 5,000. Bí a bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ inú ìpinnu Prague ní ṣangiliti, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ plánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n sì jìnnà jù fún wa láti mọ̀ bóyá wọ́n rí rogodo tàbí bóyá wọ́n ti gbá àyíká wọn mọ́.

Ní ọdún 2024, Jean-Luc Margot, Brett Gladman àti Tony Yang dábàá oríkì tó dá lórí ìwúwo: kí ohun náà máa yí ìràwọ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ po, kí ó wúwo ju ìwọ̀n kan pàtó lọ, kí ó má sì tó ìlọ́po mẹ́tàlá Jupiter. Mẹ́jọ náà yóò yege, Pluto kò ní wọlé. Ọdún yẹn kan náà ni IAU ṣe ìpàdé gbogbogbòò rẹ̀ ní Cape Town, ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ wáyé ní ilẹ̀ Áfíríkà. Oríkì ti Prague ṣì wà níbẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Ohun tó kan èdè Yorùbá nínú rẹ̀

Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ àbáláyé kan tó pín plánẹ́ẹ̀tì sọ́tọ̀ sí ìràwọ̀. Àgùàlà ni a ń pe Venus, ìràwọ̀ ni a sì kà á sí. Ìdí nìyí tí àwọn òǹkọ̀wé fi yá plánẹ́ẹ̀tì lò. Yíyá ọ̀rọ̀ lò rọrùn. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mìíràn yán an.

Nínú gírámà Yorùbá, ọ̀rọ̀-orúkọ ló máa ń ṣíwájú, ẹ̀yán ń tẹ̀lé e. Ajá kékeré, ajá ni. Aràrá ènìyàn, ènìyàn ni, ẹni tó bá sì ní kì í ṣe ènìyàn, ó ṣẹ̀. Bí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ bá wá kọ "plánẹ́ẹ̀tì kékeré" tàbí "plánẹ́ẹ̀tì aràrá" láìṣàlàyé, ohun tí ọmọ yóò gbọ́ ni pé Pluto jẹ́ plánẹ́ẹ̀tì. Òdìkejì ìpinnu Prague gan-an nìyẹn. Òótọ́ ni pé a ní irú ọ̀rọ̀ bí ìyá ìlù, tí kì í ṣe ìyá, àti ọmọ odó, tí kì í ṣe ọmọ. Ṣùgbọ́n àfiwé ni wọ́n, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ nípa Pluto bí kò ṣe pé a sọ fún un.

Atúmọ̀ èdè tó bá dé ibí yìí ti di olùdìbò, ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ó kọ "plánẹ́ẹ̀tì aràrá", kí ó sì fi gbólóhùn kan tẹ̀ lé e pé IAU kò kà á mọ́ àwọn mẹ́jọ, àti pé àwọn onímọ̀ kan tako èyí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi olùkọ́ pé plánẹ́ẹ̀tì mélòó ló wà, "mẹ́jọ, gẹ́gẹ́ bí oríkì IAU" ni ìdáhùn tó pé. Apá kejì ìdáhùn náà ni ọ̀pọ̀ ìwé ń fò.

Ìkádìí

Òwe Yorùbá méjì ló dúró fún ìhà méjèèjì. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ: èyí ni ìpinnu Prague. Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni: èyí ni àtakò rẹ̀, pé ẹni tó bá ń wo alábàárìn nìkan lè ṣi nǹkan pè. Ìmọ̀ òde òní sì ti fi hàn pé Àgùàlà tí wọ́n pè ní ajá jẹ́ kìlómítà 12,104 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ó ju ìlọ́po mẹ́ta òṣùpá lọ. Àwọn tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kò purọ́. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ. Orúkọ wọn dáhùn ìbéèrè kan, ó sì fi òmíràn sílẹ̀ láìdáhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni mẹ́sàn-án àtijọ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni mẹ́jọ òde òní.